Bọ̀ọ̀dá Ènì ti Gbági

Ẹni tí ó ń lọṣọ, kí ó máa lọ̀ ọ́ lọ. Ẹni tí ó ń rokà, kí ó má jẹ̀ẹ́ kí ó dì ní kókó nítorí tèmi. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ni, ọmọ ìsọ̀ aṣọ ní Gbági àtijọ́ n'Ìbàdàn, tí kò sí obìnrin tí yóò wọ ṣọ́ọ̀bù wa tí kò ní bá a tage, ìbáà ṣe ìyá arúgbó, ìbáà ṣe ọmọge.

Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ti di bàbá àgbà, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì lè wà nídìí rédíò báyìí. Orúkọ tí àwa ọmọ ìsọ̀ sọ ọ́ ni n ó máa pè é: Bọ̀ọ̀dá Ènì. Àwọn ènìyàn máa ń fi irú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní alágbèrè ni, wọ́n á ní ẹnu rẹ̀ kò ní bùréèkì. Èmi tí mo bá a dúró lẹ́yìn káńtà kan náà fún ọdún méjì, mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ fún yín bí mo ṣe rí i.

Ọdún 1974 ni mo dé ìsọ̀ náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde iléèwé mọ́dà, ọmọ ọdún 17 ni mí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Gbági ti òde òní, èyí tí ó wà lójú ọ̀nà Ifẹ̀, ẹ gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Gbági tí mo ń wí ni ti ẹ̀bá Dùgbẹ̀, tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ reluwé. Reluwé dé Ìbàdàn ní 1901, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó sì tẹ̀ lé e wá pẹ̀lú ọjà. Àwọn ará Lẹ́bánónì, àwọn tí àwọn àgbà wa ń pè ní Kóráà, náà wá ṣí ìsọ̀ tiwọn, débi pé òpópó kan ń jẹ́ Lebanon Street níbẹ̀. Tí ènìyàn bá jáde sí títì tí ó gbójú sókè, Ilé Kòkó tí wọ́n parí ní 1965 ni yóò rí tí ó dúró gàgàrà.

Kóráà ni ọ̀gá wa. Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ Yorùbá débi pé ó mọ èébú tí èmi kò mọ̀. Orí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí owó ni ó máa ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ó bá ti rí Bọ̀ọ̀dá Ènì lẹ́nu iṣẹ́, á kàn máa mi orí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń wọn aṣọ, nítorí ibẹ̀ ni orúkọ ọkùnrin yìí ti wá. Ọ̀pá kan jẹ́ ínṣì 36. Igi ni ọ̀pá wa, wọ́n fi irin dè é létí méjèèjì kí ó má baà jẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ yan oníbàárà jẹ á fa aṣọ le kó tó gbé ọ̀pá lé e. Aṣọ á na, oníbàárà á délé, aṣọ á sún kì. Bọ̀ọ̀dá Ènì kì í na aṣọ. Ńṣe ni yóò tẹ́ ẹ sórí káńtà bí ẹní, á jẹ́ kó mí dáadáa, á wá fi ìbú àtàǹpàkò kan kún ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Tí ó bá dé ìparí, tí oníbàárà bá ní "Bùn mi lénì," á gé bíi ìdajì ọ̀pá sí i. Tí oníbàárà bá jẹ́ obìnrin tí ó rẹ́rìn-ín, ó ti di odindi ọ̀pá. Ọ̀gá á kọ ọ́ sílẹ̀, á yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀. Mo rí oṣù kan tí ènì jẹ ìdá mẹ́ta owó oṣù rẹ̀ tán.

Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ńkọ́? Ìyá arúgbó kan wá ra léèsì lọ́jọ́ kan, Bọ̀ọ̀dá Ènì ní, "Ìyá mi, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí bàbá rí yín nínú aṣọ yìí lálẹ́ o, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ lọ sọ́jà lọ́la." Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí tí gèlè fi yẹ̀ lórí rẹ̀, ó ra ọ̀pá márùn-ún tí kò ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Ó sọ fún ọmọge pé, "Àǹtí, láti Ọ́stríà ni aṣọ yìí ti ń bèèrè yín." Irọ́ sì kọ́ ni pé láti Ọ́stríà ló ti wá. Láti ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Lustenau, ní agbègbè Vorarlberg, ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ léèsì tí à ń tà nígbà náà. Àwọn ará ibẹ̀ mọ ohun tí ó wu àwọn obìnrin Ìbàdàn àti Èkó ju ti aládùúgbò wọn lọ.

Àwọn obìnrin náà kò gbẹ́yìn. "Ọkọ mi," wọn á ní, "tí o bá fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀, já owó rẹ̀ wálẹ̀." Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò nìyí. Ní ọjà wa, "ọkọ mi" àti "ìyàwó mi" wà lára dúnàádúrà. Ìyá tí ń ta ata á pe ọkùnrin tí kò rí rí ní ọkọ òun, kò sì sí ẹni tí yóò bínú, torí gbogbo wa mọ̀ pé ata ló fẹ́ tà. Tí ilẹ̀ bá ṣú tí àwọn ìyá ń palẹ̀ ọjà mọ́, wọ́n á ká "ọkọ mi" mọ́ àtẹ, wọ́n á gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ di ọ̀la. Wọ́n mọ bí a ṣe ń ká a. Bọ̀ọ̀dá Ènì kò mọ̀ ọ́n ká. Ó máa ń gbé e relé, á sùn tì í, á jí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, á sì bèèrè lọ́wọ́ mi bóyá àǹtí aláṣọ ìyeyè yóò wá lónìí.

Obìnrin àkọ́kọ́ tí ó da orí rẹ̀ rú lójú mi, olùkọ́ ni. Ọjọ́ Ẹtì ni ó máa ń wá lẹ́yìn tí iléèwé bá jáde. Kì í rà. Á ní kí wọ́n tú léèsì aláwọ̀ sánmà sílẹ̀, kí wọ́n tú aláwọ̀ ìyeyè, á gbé e sí àyà, á wo dígí, á yí ọrùn sọ́tùn-ún, á yí i sósì. Á wá bèèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èyí á yẹ ìyàwó?"

"Ìyàwó wo?"

"Ìyàwó náà ni."

Bó ti jáde báyìí ni Bọ̀ọ̀dá Ènì sáré wá bá mi nídìí aṣọ òǹtẹ̀. "Ṣé o gbọ́? Ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní ìyàwó!" Mo ní mo gbọ́. Kí ni kí n tún sọ? Èmi náà rò pé bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, ó gbé léèsì aláwọ̀ sánmà náà pamọ́ sábẹ́ káńtà, ó ń sọ fún àwọn oníbàárà yòókù pé ó ti tán. Ọjọ́ Ẹtì kẹta, ó ra mínírà tútù sílẹ̀ dè é. Ọjọ́ Ẹtì kẹrin, ó ra méjì, òun náà sì mu ọ̀kan níwájú rẹ̀, wọ́n jọ ń wo dígí.

Ọjọ́ Ẹtì karùn-ún, obìnrin náà mú ọkùnrin gíga kan wá, báàgì owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà na ọwọ́ méjèèjì, ó di Bọ̀ọ̀dá Ènì lọ́wọ́ mú gírígírí. "Ẹ̀yin ni bọ̀ọ̀dá yẹn! Ọ̀rọ̀ yín ò tán lẹ́nu wọn nílé. Ìyàwó mi ní bí kì í bá ṣe tiyín, òun ì bá má mọ èyí tí òun máa mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gé e fún ogójì ènìyàn."

Ọ̀pá márùn-ún fún ẹnì kan, ogójì ènìyàn: 200 ọ̀pá nìyẹn. A fẹ́ gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá Ènì, kò gbà. Láti aago mẹ́ta títí tí àwọn onísọ̀ fi ń ti ilẹ̀kùn ni ó ń gé e, àtàǹpàkò rẹ̀ léròrò, ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé ìgúnpá. Ẹ má sì gbàgbé o, ó fi ènì sí gbogbo ogójì náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ń wò ó láti orí àga, kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ó parí, obìnrin náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó fún un ní káàdì ìpè: gbọ̀ngàn Mápó, ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ó ní kí gbogbo wa wá.

A ní kí Bọ̀ọ̀dá Ènì má lọ. Ó ní tí òun kò bá lọ, ṣebí wọn á mọ̀ pé ó dun òun. Ìyọnu tí ó wá ṣẹ́kù ni aṣọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nígbà náà ẹ ó rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975. Ìgbìmọ̀ Udoji ti ní kí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì san èyí tó ti wà nílẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Owó gorí owó. Àwọn kan ra alùpùpù, àwọn kan ra rédíò, gbogbo wọn ra léèsì. Náírà kò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ, a ṣì ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè kan, ṣùgbọ́n léèsì kan wà tí a ń pè ní Wonyosi tí owó rẹ̀ tó kí ènìyàn fi kọ́lé ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká máa kọ eré rẹ̀ nípa àṣejù ìgbà náà, èyí tí wọ́n ṣe n'Ílé-Ifẹ̀ ní 1977, orúkọ léèsì náà ló fi sọ ọ́: Opera Wonyosi. Lóde ìgbà náà, ẹni tí kò wọ léèsì, bí ẹni tí kò wá ni. Ọmọ ìsọ̀ tí ń gé e fún gbogbo ayé kò sì lówó tí yóò fi ra tirẹ̀.

Ère pákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa tí a fi ń ṣàfihàn ọjà. Ọ̀gá ti rán agbádá léèsì funfun wọ̀ ọ́. Bọ̀ọ̀dá Ènì bẹ ọ̀gá títí, ọ̀gá gbà, ó ní kó dá a padà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó má sì da ọbẹ̀ sí i. Ohun kan wà nínú agbádá náà tí àwa ará ilé nìkan mọ̀. Léèsì wọ́n, ère kì í sì í yíjú padà. Torí náà iwájú nìkan ni léèsì. Ẹ̀yìn rẹ̀, aṣọ funfun pẹlẹbẹ ni, irú èyí tí wọ́n fi ń rán àpò ìyẹ̀fun.

Òun náà mọ̀ o. Nígbà tí a dé Mápó, orí òkè yẹn, nínú ilé olópòó ńláńlá tí wọ́n ti ṣí láti 1929, ẹ̀gbẹ́ òpó kan ni ó lọ tààrà, ó fẹ̀yìn tì í. Ó jẹ ìrẹsì, òpó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kí ọkọ ìyàwó, ó kí ìyàwó, òpó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi rí ọmọge kan tí ó wá dúró tì í, tí ìpèlé aláwọ̀ àlùkò wà léjìká rẹ̀. Mi ò gbọ́ ohun tí Bọ̀ọ̀dá Ènì ń sọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n láti ọ̀nà jíjìn, torí mo rí bí ó ṣe ń fi ọwọ́ júwe: ibi tí ó ti máa ń sọ pé aṣọ ń rẹ́rìn-ín sí ènìyàn nìyẹn. Ọmọge náà ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ nínú mi pé, ó dáa, ọjọ́ òní á yanjú.

Onídùndún ló bà á jẹ́. Ó rí ọkùnrin tí ó wọ léèsì, tí kò jó. Ó wá síwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlù kì í. Bọ̀ọ̀dá Ènì yọ náírà kan, ó fi lé e níwájú orí, kí ó lè lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ onílù, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Onílù tí ènìyàn náwó fún kò ní lọ. Ó kì í sí i. Bọ̀ọ̀dá tún yọ náírà kan. Ìlù wá yí ohùn padà, ó ń sọ pé kí olówó yí ẹ̀yìn, kí ó yí ẹ̀yìn kí aráyé rí agbádá. Gbogbo ilé gbọ́ ohun tí ìlù wí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń gbè é: yí ẹ̀yìn! Náírà tán lápò rẹ̀. Ọmọge náà fúnra rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú, ó fà á kúrò lára òpó, ó yí i po.

Mo gbọ́ tí ìlù dákẹ́. Ohun tí mo gbọ́ tẹ̀ lé e ni ẹ̀rín, ẹ̀rín tí ó gba orí òkè Mápó kan. Ọmọge náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí, torí òun ni mo tìtorí rẹ̀ wá: nígbà tí ó dìde, ó bọ́ ìpèlé àlùkò èjìká rẹ̀, ó fi bo Bọ̀ọ̀dá Ènì lẹ́yìn, ó so ó mọ́ ọn lọ́rùn bí ìyá ṣe ń so ìborùn mọ́ ọmọ, ó sì bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Kò bèèrè orúkọ rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Ènì náà kò rí ọ̀rọ̀ sọ láti bèèrè tirẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ó dá agbádá padà sára ère. Ìpèlé náà, ó fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, ó ká a sábẹ́ káńtà, níbi tí léèsì aláwọ̀ sánmà wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ ó rò pé ó ti kọ́ ọgbọ́n. Rárá. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ lẹ́tà ṣẹlẹ̀. Àwọn ìwé pẹlẹbẹ kan wà nígbà náà tí ó ti Onitsha wá, wọ́n tẹ̀ wọ́n rẹpẹtẹ ní àwọn ọdún 1950 àti 1960 kí ogun abẹ́lé tó dá a dúró, tí wọ́n ń kọ́ni bí a ṣe ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bọ̀ọ̀dá Ènì ní ọ̀kan, ó ti gbó, kò léèpo mọ́. Ó da lẹ́tà kan kọ nínú rẹ̀, ó fi sínú ìṣẹ́po aṣọ tí àǹtí kan tí ń tẹ tàípì ní ọ́fíìsì ìtòsí wa rà. Àǹtí náà kò tú aṣọ náà rárá. Ọ̀dọ̀ télọ̀ rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá ni ó gbà lọ tààrà. Ìyàwó télọ̀ ni ó sì ń bá ọkọ rẹ̀ tú aṣọ.

Ìparí oṣù ni, ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́. Télọ̀ wọlé, ìwọ̀n wà lọ́rùn rẹ̀, lẹ́tà wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló kọ̀wé ìfẹ́ sí ìyàwó mi níbí?" Ilé dákẹ́. Ọ̀gá ní kí wọ́n mú un wá. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ta kókó, ọ̀gá ní kí èmi tí mo jáde mọ́dà kà á, kí n sì máa túmọ̀ rẹ̀ kí télọ̀ lè gbọ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo wo orí lẹ́tà láti rí orúkọ ẹni tí a kọ ọ́ sí. Kò sí orúkọ. Olólùfẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo kà á dé ibi tí ó ti ní òṣùpá ń jowú ojú rẹ̀, ni ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bá ní, "Hẹn? Èmi ló sọ ìyẹn fún lọ́jọ́sí." Mo kà á dé ibi tí oorun kò ti kun òun mọ́. Alájàpá kan ní, "Tèmi nìyẹn. Ọjọ́ tí mo ra gínì ni." Kí n tó kà á débi ìparí, obìnrin mẹ́fà ti gba tiwọn nínú lẹ́tà náà, wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tí a kọ́kọ́ sọ fún. Télọ̀ wò wọ́n, ó wo Bọ̀ọ̀dá Ènì tí ó ti wọ abẹ́ káńtà lọ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ikùn télọ̀ wá. Ó ká lẹ́tà náà, ó ní òun gbà pé kì í ṣe ìyàwó òun, gbogbo Ìbàdàn ni. Ṣùgbọ́n torí ìrìn tí òun rìn láti Mọ́kọ́lá, kí wọ́n bùn òun lénì. Ọ̀pá kan ni ó gbà lọ fún ìyàwó rẹ̀.

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Lálẹ́ ọjọ́ náà nígbà tí à ń tilẹ̀kùn, ó bi mí pé, "Ṣé irọ́ ni mo ń pa fún wọn ni?" Mi ò mọ èsì rẹ̀. Ó ní, "Bí mo bá ń sọ ọ́, òótọ́ ni. Tí ẹnìkejì bá tún wọlé, òótọ́ náà ni."

Ọdún púpọ̀ kọjá kí n tó rí ẹni tí ó dá a lóhùn. Inú ìwé ni mo ti rí i. Òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí ń jẹ́ H. G. Wells. Kí ó tó di gbajúmọ̀, ọmọ ìsọ̀ aṣọ ni òun náà. Láti 1881 dé 1883 ni ó fi kọ́ṣẹ́ ní ìsọ̀ aṣọ kan ní Southsea, ní etíkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nǹkan bíi wákàtí 13 ni wọ́n ń ṣe lójúmọ́, inú ilé ọ̀gá ni àwọn ọmọ ìsọ̀ sì ń sùn, ọ̀pọ̀ nínú yàrá kan. Ó kórìíra iṣẹ́ náà, ó fi í sílẹ̀. Ní 1910 ó wá kọ ìwé The History of Mr Polly, lórí ọmọ ìsọ̀ kan tí ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ kàǹkà-kàǹkà, tí kì í sì í pè wọ́n bó ṣe yẹ.

Nígbà tí mo ka ìwé yìí, ńṣe ni mo ń gbé e sílẹ̀ tí mo tún ń gbé e. Polly gun kẹ̀kẹ́ lọ, ó rí ọmọbìnrin onírun pupa kan tí ó gun orí ògiri iléèwé. Ó dúró nísàlẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ-ogun ayé àtijọ́ ni òun, ọmọbìnrin náà sì jẹ́ arẹwà tí wọ́n tì mọ́lé. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ni ó fi ń wá. Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn tọkàntọkàn ni. Ọjọ́ tí ó sọ ọ́ dé góńgó, ó gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn ògiri: àwọn ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin náà ti fara pamọ́ síbẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́ ọ. Ẹ kò rí i? Mápó nìyẹn. Ọkùnrin tí ó kọ iwájú sí ènìyàn kan, tí kò mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wà lójú ayé.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ló dùn mí jù. Ìbànújẹ́ yẹn ló gbé Polly lọ sílé àwọn ìbátan rẹ̀ kan, obìnrin mẹ́ta. Ó ń bá Miriam, ọ̀kan nínú wọn, sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù kékeré tí ó wù ú láti ní. Ọ̀rọ̀ ń fa ọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ ń dùn mọ́ ọn, kí ó tó mọ̀, ó ti bèèrè pé kó fẹ́ òun, obìnrin náà sì ti gbà. Ọdún 15 ni ó fi jìyà ọ̀rọ̀ náà nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò wù ú, pẹ̀lú ìyàwó tí kò wù ú. Kò parọ́ fún Miriam. Òótọ́ ni ní ìgbà tí ó ń sọ ọ́, bí Bọ̀ọ̀dá mi ti wí. Iṣẹ́ ti kọ́ ọ bí a ṣe ń mú kí obìnrin rẹ́rìn-ín kó sì ra nǹkan. Kò kọ́ ọ ní ohun tí ènìyàn ń sọ tí kò bá sí nǹkan kan láti tà. Ó dùn mí fún òun àti Bọ̀ọ̀dá Ènì. Ó ṣì ń dùn mí fún ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo ń rí lẹ́yìn káńtà lónìí, tí wọ́n ti pàṣẹ fún pé kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín sí ènìyàn láti àárọ̀ dalẹ́, tí a tún wá ń dá wọn lẹ́bi pé wọn kò mọ ẹ̀rín tí ó jẹ́ tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Gbági.

Ìparí ọdún 1975 ni. Ọ̀sán ni, oòrùn mú, oníbàárà kò pọ̀. Ọmọge kan wọlé, ó lọ bá Bọ̀ọ̀dá Ènì tààrà, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wá mú ìpèlé mi."

Mo gbójú sókè. Òun náà gbójú sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ wò lábẹ́ káńtà, ó gbé ìpèlé àlùkò náà jáde, ó gbé e lé ọwọ́ rẹ̀. Mo ń dúró kí ó sọ pé ìpèlé ti ń sunkún òun, tàbí pé àlùkò kò níyì léjìká ẹlòmíràn. Kò sọ ọ́. Kò sọ nǹkan kan. Ọ̀gá fi ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó ń wò ó.

Ọmọge náà wo ìpèlé, ó rí i pé wọ́n lọ̀ ọ́. Ó ní tí òun bá ti wá débí, kí wọ́n kúkú gé ọ̀pá márùn-ún fún òun nínú gínì aláwọ̀ ewé yẹn. Ó ná an, ìná kékeré. Bọ̀ọ̀dá Ènì gba iye tí ó pè, kò jiyàn. Ó wọ̀n ọ́n, ó gé e, ó ká a, ó gba owó. Ọmọge náà jáde. Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ rọ́rọ́, mo ń gbọ́ fáànù.

Ní ọjọ́ kejì, kí a tó gbálẹ̀ tán, ó ti dé. Ó gbé gínì náà lé káńtà. "Ẹ má bínú o, bọ̀ọ̀dá. Télọ̀ ní aṣọ yìí kù."

Kù kẹ̀? Lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá Ènì? Láti ìgbà tí mo ti dé ìsọ̀ náà, kò tíì sí aṣọ tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Gbogbo wa sún mọ́ ọn. Ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó gbé ọ̀pá lé e, ó wọ̀n ọ́n. Ó ní ọ̀pá márùn-ún àti díẹ̀. Ọmọge náà ní kó tún un wọ̀n. Ó tún un wọ̀n, ó bọ́ sí mẹ́rin. Ó nu ojú. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀pá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó balẹ̀ gbàgà.

Ọ̀gá dìde láti orí àga, ohun tí kì í sábà ṣe. Ó ṣa ọ̀pá nílẹ̀, ó gbé e fún mi, ó ní kí n wọ̀n ọ́n. Mo wọ̀n ọ́n. Ọ̀pá mẹ́rin ààbọ̀ ni. Ọ̀gá ní kí wọ́n gé ìdajì tó kù fún un, kí wọ́n sì fi ènì sí i. Ọmọge náà ní òun ò fẹ́ ènì. Bọ̀ọ̀dá Ènì ni ó ń wò.